Kọ́ọ̀dù Mẹ́ta Péré Tó Láti Fi Kọ Orin

Nílé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, gìtá kan wà tí eruku ti bò. Nígbà tí wọ́n rà á, ìpinnu wọn ni láti fi kọ orin tara wọn. Ṣùgbọ́n okùn ń dun ìka, kọ́ọ̀dù inú ìwé sì pọ̀ ju ohun tí orí lè gbà lọ, ni wọ́n bá gbé e kọ́ ògiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé kọ́ọ̀dù mẹ́ta ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ohùn méje, kọ́ọ̀dù mẹ́ta

Kọ́ọ̀dù ni ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí mọ Do, Re, Mi, Fa, So, La, Ti. Do, Mi àti So ni kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Fa, La àti Do ni ìkejì. So, Ti àti Re ni ìkẹta. Ẹ kà wọ́n wò: ohùn méjèèje ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ẹnu bá gbé jáde nínú wọn, kọ́ọ̀dù kan wà tí yóò gbà á.

Lórí gìtá, bí G bá jẹ́ Do, C àti D ni méjì yòókù. G dà bí ilé. C dà bí ìgbà tí èèyàn jáde lọ kí aládùúgbò. D ni ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ọkàn ń fà sílé, torí pé Ti tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Do, etí á sì máa retí kó dé ibẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka mẹ́rin mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: G, C, D, kó padà sí G. Kó má kánjú. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé nìkan lọ.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia wà lára àwọn tó gbé gìtá káàkiri èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń ta á níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu. Lọ́dún 1928, Kumasi Trio, olórin mẹ́ta láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, gba orin “Yaa Amponsah” sílẹ̀ ní London. Ìrìn kọ́ọ̀dù rẹ̀ di àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ onígìtá háíláìfù.

Ọ̀rọ̀ ló ń darí

Kọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ni orin. Yorùbá, bíi Ìgbò, Háúsá àti Twi, jẹ́ èdè olóhùn. Bí orin bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ má gòkè, obìnrin tó ń yin ọkọ rẹ̀ lè di ẹni tó ń yin ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ orin ìsìn àtijọ́ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ kọ orin kọ́kọ́ sọ gbólóhùn rẹ̀ jáde bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Kó tẹ́tí sí ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Kó fi ohùn yẹn kọ ọ́ láìtíì fọwọ́ kan gìtá. Lẹ́yìn náà, kó dán kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lábẹ́ rẹ̀. Etí yóò sọ èyí tó bá a mu. Kó tètè gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, torí pé orin òru kì í pẹ́ gbàgbé lówùúrọ̀.

Orin àkọ́kọ́ lè má ju ìlà mẹ́rin lọ. Bí àwọn ará ilé bá gbọ́ ọ, tí wọ́n sì mọ ohun tó ń sọ láìbéèrè, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.