Nígbà tí kọ̀ǹpútà ti ìlẹ̀kùn mọ́ olówó rẹ̀: ohun tí Atlanta rí ní oṣù Keje 2024

Láti Ellenwood, ní ẹ̀bá Atlanta, dé pápákọ̀ òfurufú Hartsfield-Jackson kò jìnnà. Ibẹ̀ ni ojúkò Delta, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé èrò láti Atlanta lọ tààrà sí Èkó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, iṣẹ́ dojú rú níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, Delta fagi lé nǹkan bí ìrìnàjò 7,000. Ọ̀gá àgbà wọn, Ed Bastian, sọ pé àdánù náà tó mílíọ̀nù 500 dọ́là, àti pé sáfà (server) 40,000 ni wọ́n fi ọwọ́ tún tò.

Kò sí ọlọ́ṣà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àṣìṣe ìṣètò ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ní agogo méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní Atlanta, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi fáìlì ìṣètò kékeré kan ránṣẹ́ sí Falcon, ètò ààbò rẹ̀ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà Windows. Fáìlì náà ní kí Falcon yẹ nǹkan 21 wò, bẹ́ẹ̀ 20 péré ni wọ́n kó fún un. Níbi tó ti ń wá ìkọkànlélógún ló ti lọ ka ibi tí kò yẹ kó dé. Inú agbárí Windows gan-an (kernel) sì ni Falcon ń gbé: bó bá ṣubú, odidi ẹ̀rọ ló bá a ṣubú.

Microsoft ṣírò pé ẹ̀rọ mílíọ̀nù 8.5 ló kàn. Wọ́n á tàn, wọ́n á kú, wọ́n á tún tàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 78, CrowdStrike fa fáìlì náà sẹ́yìn. Àmọ́ ẹni tó ti dákú kò lè lajú gba oògùn.

Kọ̀ǹpútà tí kò ní ojú

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èèyàn á jókòó tì í, á tàn án ní Safe Mode, á pa fáìlì náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sáfà òde òní jẹ́ virtual machine: ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n pín bí ilé ayálégbé, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí odidi kọ̀ǹpútà. Kò ní bọ́tìnì, kò ní ojú tí a lè jókòó sí iwájú rẹ̀. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì la sábà máa ń gbà wọlé sí i. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, olówó rẹ̀ di ará ìta.

Yorùbá ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ló gbọ́dọ̀ bá a tún ara ṣe, ohun tí Microsoft sì ní kí àwọn oníbàárà Azure, ibi tó ti ń yá èèyàn ní virtual machine, ṣe nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn. Ẹ ṣe ẹ̀dà dísìkì rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ virtual machine mìíràn tí ara rẹ̀ le. Láti inú èyí, ẹ ṣí fódà CrowdStrike, kí ẹ pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́. Ẹ wá dá dísìkì náà padà síbi tó wà. Àwọn mìíràn kàn tún ẹ̀rọ wọn tàn léraléra, tó fi tó ìgbà 15, kó tó gbádùn.

Ọ̀nà kan náà ló ń gba ẹni tó fi àṣìṣe to fáyawọ́ọ̀lù (firewall), tó sì ti ara rẹ̀ mọ́ta.

Kí la lè ṣe ṣáájú?

Ẹ dán àyípadà wò lórí ẹ̀rọ kan kí ẹ tó fi kan gbogbo wọn. Ẹ ya ẹ̀dà àfipamọ́ ṣáájú. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àbáwọlé lẹ fẹ́ yí padà, ẹ ṣètò kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ padà sí ipò àtẹ̀yìnwá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i. Bí dísìkì yín bá ní BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa, ẹ má tọ́jú nọ́ńbà 48 tó ń ṣí i sínú ẹ̀rọ kan náà: lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ti ìlẹ̀kùn, inú ilé ni kọ́kọ́rọ́ wà.