Erékùṣù tí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Bẹ̀bẹ̀ láti Kúrò Níbẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n kọ̀wé bẹ ìjọba pé kí a kó wọn kúrò ní ilé baba wọn. Àwọn ará St Kilda ni.

Ọ̀wọ́ àwọn erékùṣù kékeré ni St Kilda, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Ó dá wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, ní nǹkan bí 64 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn North Uist. Hirta ni ó tóbi jù nínú wọn, ibẹ̀ ni abúlé náà sì wà. Òkè Conachair ga ní 430 mítà níbẹ̀, àpáta rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ sínú òkun.

Ẹyẹ òkun ni ẹran wọn. Àwọn ọkùnrin a so okùn mọ́ra bí ẹni tí ó fi igbà gun ọ̀pẹ, wọn a sì sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta lọ mú ẹyẹ àti ẹyin. Òróró ẹyẹ ni wọ́n fi ń tan fìtílà. Ìyẹ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n fi ń san owó ilẹ̀.

Ìgbóná pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọdún 1727. Lẹ́yìn náà, àrùn ipá ń pa àwọn ọmọ tuntun, títí àlùfáà wọn, Angus Fiddes, fi kọ́ ìtọ́jú ìwọ́ ọmọ, tí ikú náà sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ. Ní ọdún 1852, ènìyàn 36 wọ ọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí lọ. Bí kò bá sí ẹni tí yóò di okùn mú lókè, ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930 ni wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, àwọn 36 tí ó kù wọ ọkọ̀ ogun Harebell. A gbọ́ pé wọ́n ṣí Bíbélì sílẹ̀ nínú ilé wọn kí wọ́n tó jáde.

Ẹni tí ó kẹ́yìn nínú wọn kú ní ọdún 2016. Àgùntàn ń jẹ koríko láàárín ilé òkúta wọn. Ní tiwa, a gbà pé kì í ṣe ìjì òkun ni ó tú abúlé náà ká, bí kò ṣe àìsí ọ̀dọ́ tí yóò gba okùn lọ́wọ́ àgbà.