Òfin Tuntun, Ayé Àtijọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti ẹ̀yin òǹkàwé gbogbo, nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé eré kan wá bá mi ní Ìperindó. Ìwé ńláńlá àti dáìsì oríṣiríṣi ló kó sílẹ̀, kò sí ọpọ́n. Mo ní, "Ta ló máa jẹ báyìí?" Ó ní, "Bàbá Àgbà, kò sẹ́ni tó ń jẹ. Ìtàn la jọ máa sọ."

Dungeons & Dragons ni orúkọ eré náà. Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde lọ́dún 1974. Ẹnì kan á ṣe bí apàlọ́: òun ló ń sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tó ń bọ̀ níwájú. Àwọn yòókù á mú ènìyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn. Bí ọ̀kan bá ní òun fẹ́ fo kòtò, dáìsì ló máa sọ bóyá ó fò ó kọjá tàbí ó já sínú rẹ̀.

Ohun méjì ló yẹ ká yà sọ́tọ̀ níbí: òfin eré, àti ayé tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀. Òfin sọ bí a ṣe ń ka dáìsì. Ayé ló ní ìlú, ọba, òrìṣà àti ogun. Òfin kan ṣoṣo lè sin ayé púpọ̀. Greyhawk ni ayé Gygax, Blackmoor ni ti Arneson. Ed Greenwood, ará Kánádà, ló dá Forgotten Realms tó jáde lọ́dún 1987. Lọ́dún 1991 ni Dark Sun dé, ayé aṣálẹ̀ tí agbára idán ti ba ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Wàhálà dé nígbà tí òfin yí padà. Àtẹ̀jáde kejì jáde lọ́dún 1989, ẹ̀kẹta lọ́dún 2000, ẹ̀kẹrin lọ́dún 2008, ìkarùn-ún lọ́dún 2014. Kí la ó ti ṣe ayé tí a kọ́ sórí òfin àtijọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní, kí a fi ìtàn ṣàlàyé òfin. Lọ́dún 1989, wọ́n yọ àwọn tó ń gbowó pànìyàn kúrò nínú òfin. Nínú Forgotten Realms, wọ́n ní àwọn òrìṣà wá sáyé jà, gbogbo irú àwọn apànìyàn bẹ́ẹ̀ sì bá a lọ. Lọ́dún 2008, òfin idán yí padà. Wọ́n ní àjálù kan ba idán jẹ́, wọ́n sì fo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ìtàn. Inú ọ̀pọ̀ òṣèré kò dùn, nítorí àwọn tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ ti kú, ìlú mìíràn sì ti di ahoro.

Èkejì, kí òfin tẹ̀ fún ayé. Eberron, tí Keith Baker dá, jáde lọ́dún 2004. Ó ti la àtẹ̀jáde mẹ́ta kọjá, síbẹ̀ ọdún 998 tiwọn ni ìtàn ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹta, kí a gbé ayé sórí pẹpẹ. Dark Sun rí ìwé gbà nínú àtẹ̀jáde kẹrin, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ àtẹ̀jáde karùn-ún, kò ní ìwé tirẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣeré lọ.

Ṣé ẹ rántí ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1974? Ọdún yẹn náà ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tí mo fi kọ́ yín. "Aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n". Òfin lèyí, kò pa ìlú kankan run. Ẹni tó kọ "Ilesha" àti ẹni tó kọ "Iléṣà" máa bára wọn pàdé níbẹ̀.

Ẹ̀ka-èdè ló bọ́ sí ọ̀nà kẹta. Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé ní "ulé", igi ní "ugi". Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo kọ "ulé" sínú ìwé, olùkọ́ kan sì fi bírò pupa fa ilà sí i. N ò bínú sí i mọ́, torí pé èmi náà fa ilà pupa bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Mo ń dáàbò bo òfin ni. N ò ro ti ayé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ọmọ yìí fẹ́ fi Ìperindó ṣe ayé fún eré rẹ̀. Ó bi mí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa sọ̀rọ̀. Mo ní, "Wọ́n á ní kó o wọ ulé." Ó wò mí, ó ní, "Kí ló ń jẹ́ ulé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Kò sí àkọtọ́ tó lè gba ayé yẹn là, bí kò ṣe àwọn tó bá ń ṣe é. A ti wà lórí rẹ̀ láti ìgbà náà: ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà márùn-ún lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ̀rọ̀ ulé yín.