Church of the Resurrection, Leawood

Church of the Resurrection, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìjọ Àjíǹde, jẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní ìlú Leawood, ní ìpínlẹ̀ Kansas, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Leawood jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó yí Kansas City ká, ó sì wà létí ààlà ìpínlẹ̀ Missouri. Ọdún 1990 ni a dá ìjọ náà sílẹ̀. Iye ọmọ ìjọ rẹ̀ ti ju 20,000 lọ, ó sì di ìjọ tí ó tóbi jù lọ nínú United Methodist Church ní Amẹ́ríkà.

Ọdún 1968 ni a dá United Methodist Church fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Ṣùgbọ́n láti inú iṣẹ́ John Wesley ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀

Adam Hamilton ni olùdásílẹ̀ ìjọ náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àlùfáà ní Perkins School of Theology, ní ìlú Dallas. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ìjọ. Nítorí pé wọn kò ní ilé ìsìn, inú ilé ìsìn kékeré tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú òkú fún ìsìnkú ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Báyìí ni Ìjọ Àjíǹde ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí a ti ń dágbére fún òkú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, kí wọ́n tó kọ́ ilé tiwọn sí ìkóríta òpópónà 137th àti Roe.

Ìdí ìdàgbàsókè

Ohun méjì ni ó mú ìjọ náà gbòòrò. Èkíní ni àgbègbè tí ó wà. Ní ọdún 1990, nǹkan bí 355,000 ènìyàn ni ó ń gbé ní Johnson County, níbi tí Leawood wà. Ní ọdún 2020, wọ́n ti tó nǹkan bí 610,000. Àwọn ìdílé tuntun ń dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì ní ìjọ.

Èkejì ni irú ènìyàn tí ìjọ náà ń wá. Kì í ṣe ọmọ ìjọ mìíràn ni wọ́n ń fà mọ́ra, bí kò ṣe àwọn tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí, àti àwọn tí wọ́n ti pa á tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Hamilton fúnra rẹ̀ a máa lọ sí ilé àwọn àlejò, a sì mú ife ìmukọfí kan lọ́wọ́ fún wọn. Nínú ìwàásù, ó máa ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìbéèrè tí ń da irú àwọn bẹ́ẹ̀ láàmú, bíi ìjìyà, ikú, àti ìgbàgbọ́ òun ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Owó tí a bá dá ní ìsìn àṣálẹ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ni a ń fi tọrẹ fún àwọn ọmọ tí ó wà nínú òṣì, ní Kansas City àti ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ilé ìsìn àti àwọn ẹ̀ka

Ìjọ náà ní àwọn ẹ̀ka ní Olathe, Overland Park, Blue Springs àti àárín gbùngbùn Kansas City. Ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣí ilé ìsìn tuntun ní Leawood. Fèrèsé onígíláàsì aláràbarà tí Judson Studios ti Los Angeles ṣe ni ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀: ó fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 93, ó sì ga tó 37. Ó fi ọgbà mẹ́ta inú Bíbélì hàn, bẹ̀rẹ̀ láti Édẹ́nì títí dé ọgbà inú Ìwé Ìfihàn, pẹ̀lú Kristi tí ó jíǹde ní àárín.

Àríyànjiyàn ọdún 2019

Ní oṣù kejì ọdún 2019, àpéjọ gbogbogbò United Methodist Church ní St. Louis dìbò 438 sí 384 láti mú òfin tí ó de ìgbéyàwó àti ìfinijoyè àlùfáà fún àwọn tí ń fẹ́ irú ara wọn le sí i. Hamilton wà lára àwọn tí ó tako ìpinnu yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Leawood ni àwọn alátakò ti péjọ. Láàárín ọdún 2019 sí 2023, ó lé ní 7,600 ìjọ tí ó kúrò nínú United Methodist Church ní Amẹ́ríkà. Ìjọ Àjíǹde dúró. Ní ọdún 2024, àpéjọ gbogbogbò ní Charlotte fa òfin náà yọ.