Àtọ̀gbẹ àti Ọgbẹ́ Tí Kì í Dun Ni

Bí ọgbẹ́ bá wà lẹ́sẹ̀ ènìyàn tí kò tètè jinná, ohun tí a máa ń sọ ládùúgbò ni pé, "Ó tẹ nǹkan ni." A ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó gbé nǹkan náà sílẹ̀. Ọjọ́ ń lọ, ọgbẹ́ ń jinlẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dúdú tán ni a tó gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sì sọ fún wa níbẹ̀ kì í dùn gbọ́: wọ́n á ní àfi kí àwọn gé e.

Ọ̀pọ̀ irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá. Àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí á kà nípa rẹ̀, kí á lè dá ẹsẹ̀ wa sí.

Ohun tí orúkọ náà ń sọ

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: à-tọ̀-gbẹ. Ẹni tó ní in á máa tọ̀, á máa tọ̀, ara rẹ̀ á sì máa gbẹ. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n fi ojú rí i. Wọ́n tún rí i pé èèrà máa ń bo ibi tí ẹni náà bá tọ̀ sí. Ṣúgà ni èèrà ń wá.

Báwo ni ṣúgà ṣe dé inú ìtọ̀? Ọkà tí a jẹ, ẹ̀kọ, ẹ̀bà, iyán àti ìrẹsì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ á máa gbé ṣúgà náà kiri, bí aláàárù ṣe ń gbé ẹrù kiri ọjà Akẹ̀sán. Ó fẹ́ gbé e wọ inú gbogbo ẹ̀yà ara, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ni à ń pè ní ínsúlínì. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ ló ń ṣe é.

Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí, tàbí tí kò bá ṣí ilẹ̀kùn dáadáa mọ́, ẹrù á dúró sórí aláàárù. Ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ara. Kíndìnrín á máa da ṣúgà síta pẹ̀lú ìtọ̀, omi ara á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí òǹgbẹ fi ń gbẹ ẹni náà, tó ń jẹun síbẹ̀ tó ń rù, tó ń rẹ̀ ẹ́, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì.

Àwọn kan wà, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn, tí ara wọn kì í ṣe ínsúlínì mọ́ rárá. Ti àwa àgbà yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà, ṣùgbọ́n kò ṣí ilẹ̀kùn dáadáa. Ó lè wá láti ìdílé, sísanra jù àti ìjókòó sójú kan sì máa ń fà á. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nínú oyún pẹ̀lú. Kì í ranni.

Oògùn rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé

Ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi níbẹ̀. Ilé ìwòsàn náà ló di ti Yunifásítì Bowen lónìí. Nígbà tí Green dé, kò sí dókítà kan ní gbogbo ayé tó ní ínsúlínì lọ́wọ́. Ọmọ tí àtọ̀gbẹ bá mú nígbà náà, kíkú ló ń kú. Ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ínsúlínì ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọkùnrin ọdún 14 kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Lónìí, abẹ́rẹ́ wà, oògùn oníhóró náà wà. Kò yẹ kí á fi ìwádìí ọ̀tá ṣòfò àkókò.

Bí ẹsẹ̀ ṣe ń bàjẹ́

Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó ń ba iṣan jẹ́. Ó lè fọ́ ojú. Ó lè pa kíndìnrín. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún kún un, àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ kò jìnnà. Sìgá a sì máa mú gbogbo rẹ̀ le sí i.

Ní ti ẹsẹ̀, àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí á mọ ìrora á kú. Ẹ jẹ́ kí á fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gún gún un lóko láàárọ̀. Kò mọ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí di alẹ́, ó wẹ̀, ó sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ òórùn. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dé ẹsẹ̀ náà dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àrùn sì ń jẹ ṣúgà tó wà níbẹ̀. Nítorí pé kò dùn ún, ó rò pé kò le. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́, ojú ni kó máa fi ṣọ́ ọ. Ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka wò lálaalẹ́. Bí ẹ ò bá lè tẹ̀, ẹ fi dígí wò ó, tàbí kí ẹ pe ọmọ kó bá yín wò ó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, ẹ sì gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má yá iná sí ẹsẹ̀, ẹ má sì fi abẹ gé awọ tó yi. Bí ẹ bá rí ọgbẹ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ ka nọ́ńbà yín

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ọ́kà, iṣẹ́ kan rèé fún yín. Ẹ lè ní àtọ̀gbẹ fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀. Nítorí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí káàdì. Bí wọ́n bá kọ mg/dL sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 126 sókè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Bí ó bá jẹ́ mmol/L ni wọ́n kọ, 7 sókè ni. Wọ́n sábà máa ń tún un ṣe kí ó lè dájú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi ṣeré.

Àtọ̀gbẹ dà bí oko. A kì í ro oko lẹ́ẹ̀kan kó tán. Koríko á tún hù. Bí ara bá fúyẹ́, oògùn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ má dá a dúró. A mọ̀ pé owó oògùn kì í ṣe kékeré. Bí owó bá wọ́n, ẹ sọ fún dókítà, kó wá èyí tí apá yín á ká. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un. Ọkà èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń di ṣúgà, kì í ṣe ohun àjẹyó-àjẹkì. Ewúro dára lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn. Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Bí ẹni tó ń lo oògùn bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ kántankàntan, ó lè jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ tètè fún un ní omi ṣúgà mu. Bí ó bá ti dákú, ẹ má rọ nǹkankan sí i lẹ́nu; ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò tíì mọ̀ọ́kà nílé yín.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí ọgbẹ́ àtọ̀gbẹ kì í fi í dun ni?
2. Nọ́ńbà wo ni à ń wò fún nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun?
3. Ta ni yóò bá yín yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò lálẹ́ òní?