Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Bí A Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ Fáìlì Ìwádìí

Ẹni tó bá lọ ṣe ìwádìí ẹ̀ka-èdè ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn mọ̀ pé ohùn àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè padà lọ gbà nígbà tó bá wù ú. Bàbá tó dárúkọ oríṣiríṣi aṣọ òfì fún wa lónìí lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Síbẹ̀, inú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń kó irú ohùn bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀nà kan wà tí kọ̀ǹpútà fi lè máa ṣọ́ fódà, kó sì máa fi ẹ̀dà ohun tó bá wọ ibẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíràn fúnra rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ ìṣọ́?

Ìbéèrè mẹ́ta ni a óò dáhùn fún kọ̀ǹpútà: Fódà wo ni kó máa ṣọ́? Irú fáìlì wo ni kó mú? Ibo ni kó gbé e lọ? Ẹ jẹ́ ká fi WinSCP ṣe àpẹẹrẹ, torí ọ̀fẹ́ ni lórí Windows. Tí ẹ bá ti wọ sáfà tí wọ́n fún yín láàyè sí, ẹ yan “Keep Remote Directory up to Date”, kí ẹ fi fódà tilé àti fódà tòkèèrè hàn án. Ẹ mú “Synchronize on start”, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó bá yí padà lẹ́yìn tí ìṣọ́ bẹ̀rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Tí ẹ bá pa ètò náà, tàbí tí kọ̀ǹpútà bá sùn, ìṣọ́ ti dúró nìyẹn.

Ohun mẹ́ta tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́

1. Fáìlì tí kò tíì parí. Ohùn WAV wákàtí kan (44.1 kHz, bíìtì 16, sítẹ́rió) ju 600 MB lọ. Bí a ṣe ń dà á kọ lọ́wọ́ láti inú ẹ̀rọ ìgbohùn, orúkọ rẹ̀ ti yọ nínú fódà, olùṣọ́ sì lè gbé ààbọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ ṣe fódà méjì sórí dísìkì kan náà: “gbigba” àti “setan”. “Setan” nìkan ni kó máa ṣọ́. Tí fáìlì bá ti wọlé tán sí “gbigba”, ẹ ṣí i lọ sí “setan”. Odindi ni yóò yọ síbẹ̀.

2. Orúkọ fáìlì. Lójú wa, ṣ kan ṣoṣo ni ṣ. Ní Unicode, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ́: àmì kan ṣoṣo (U+1E63), tàbí s lásán pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ (U+0323). Bí orúkọ fáìlì bá wá ní ọ̀nà kan, tí òfin ìṣọ́ wa sì wà ní ọ̀nà kejì, kọ̀ǹpútà lè fojú fò ó láìsọ nǹkan kan. Ẹ sọ fáìlì ní saki_001.wav, kí ẹ sì fi gbogbo àmì ohùn sínú àkọsílẹ̀, níbi tó yẹ ẹ́.

3. Ìparẹ́. Tí ẹ bá mú “Delete files”, ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ nílé yóò pa rẹ́ lókèèrè náà. Ẹ má mú un. Síbẹ̀, tí fáìlì ELAN yín bá bàjẹ́, tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tó bàjẹ́ ni yóò rọ́pò èyí tó dára. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀dà kẹta wà lórí dísìkì tí a kì í fi sójú iná àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́?

Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń gbé mẹ́gábíìtì 1 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 600 MB yóò gba 80 ìṣẹ́jú, bí kò bá já. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìṣọ́ ọ̀sán mú fáìlì kéékèèké nìkan. Ẹ kọ èyí síbi file mask: *.eaf, *.TextGrid, *.txt. Ẹ wá fi WAV sílẹ̀ di òru.

Kí ẹ tó gbára lé e, ẹ fi ohùn kékeré kan dán an wò. Ẹ gbà á padà láti sáfà, kí ẹ sì ṣí i nínú Praat. Bí ẹ bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ lè padà sọ́dọ̀ bàbá yẹn lọ béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn.