Ìṣètò ẹgbẹ́ ọmọ ogun nínú ìtàn àròsọ: Ẹ̀kọ́ láti inú ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn

Ìfáárà

Ìtàn ogun kò wọ́n nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Nínú eré onítàn, nínú ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àti nínú ewì, ogun jẹ́ kókó tí àwọn òǹkọ̀wé wa fẹ́ràn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, pàápàá iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ kan gègé, a ó rí i pé irúfẹ́ jagunjagun kan ṣoṣo ló sábà máa ń kún inú wọn. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ràn ẹṣin, gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ ni yóò gun ẹṣin. Bí ó bá fẹ́ràn oògùn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìbọn yóò ràn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn nípa ọkọ̀ ogun ojú sánmà lóde òní kò yàtọ̀. Ọkọ̀ ràgàjì tí apá kan kò ká ni wọ́n máa ń tò lọ bẹẹrẹ, láìbéèrè ẹni tí yóò máa bọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni pé kò sí ẹ̀yà ọmọ ogun kan tó dára jù lọ níbi gbogbo. Ibi tí a ó ti jà, ẹni tí a ó bá jà, àti ohun tí a ń wá lọ sójú ogun ló ń sọ irú àdàlù tó yẹ. Ìtàn Ìlọrin àti Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó sún mọ́ wa, ó sì yéni yékéyéké.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Kwara, a lè rí ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìbàdàn lórí àga kan náà. Àwọn baba ńlá wọn ti dojú ìjà kọ ara wọn rí. Bí olùkọ́ bá ní ojo ló mú kí apá kan sá, tàbí pé oògùn apá kejì ló ju ti èkíní lọ, ó ti bu ọmọ kan kù, kò sì tíì ṣàlàyé ohunkóhun.

Ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun rí. Ẹlẹ́ṣin yára. Ó lè yọ sí ọ̀tá láìròtẹ́lẹ̀, ó sì lè lé àwọn tó ń sá títí dé ojú ibodè ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn ni ilé rẹ̀. Nínú igbó kìjikìji, ẹ̀ka igi àti ìtàkùn kì í jẹ́ kí ẹṣin sáré. Bákan náà, irú eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ igbó tí ń mu ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń kó àìsàn tó ń pa ẹṣin ràn wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹṣin kì í fi í pẹ́ láyé ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá.

Tafàtafà lè ta ọfà léraléra kí oníbọn tó ki ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́ iṣẹ́ náà láti kékeré. Ìbọn ṣakabùlà rọrùn láti kọ́, ariwo rẹ̀ sì ń da jìnnìjìnnì bo ẹṣin àti ènìyàn. Àmọ́ bí òjò bá pa ẹ̀tù rẹ̀, igi lásán ni. Àwọn onídà àti aládàá ní tiwọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀tá kí ohun ìjà wọn tó wúlò. Nínú ogun Òwu, tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1820 sí 1825, àwọn ará Òwu gbójú lé àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ̀, èyí tí í ṣe àdá gígùn. Akin ni wọ́n, kò sí ẹni tó lè jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀bú tó bá wọn jà ti ń ra ìbọn láti etí òkun, ìbọn náà sì ń dé ara Òwu kí àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ̀ tó dé ara Ìjẹ̀bú.

Àwọn kan tún wà tí òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé. Àwọn ni amí, alárù, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọta, àti àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ibùdó. Láìsí wọn, ogun kò lè dúró ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

Agbára ẹlẹ́ṣin ní Ìlọrin

Kí Ìlọrin tó di alágbára, Ọ̀yọ́ Ilé ló kọ́kọ́ fi ẹlẹ́ṣin jẹ gàba. Ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn ló ń ti Òkè Ọya wá, àwọn ẹrú Gàm̀bàrí sì wà lára àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ẹni tó ń bọ́ ẹṣin wà lára ètò ogun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gùn ún. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀yìn sí Aláàfin, tí àwọn ẹrú wọ̀nyí sì ń ṣọ̀tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1817, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ohun tí Ọ̀yọ́ pàdánù ju iye orí ènìyàn lọ. Ìmọ̀ nípa ẹṣin ló bá wọn lọ.

Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, agbára bọ́ sọ́wọ́ Abdulsalami, ọmọ Àlímì, tí ó di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Balógun mẹ́rin ni Ìlọrin ní: Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbi àti Balógun Alánámù. Yorùbá ni ìran méjì tí a dárúkọ kẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, àdàlù ni ogun Ìlọrin fúnra rẹ̀. Nínú ogun Ẹlẹ́duwẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1836, Aláàfin Olúewu àti àwọn Bàrùbá tó wá ràn án lọ́wọ́ kó ogun ti Ìlọrin. Ìlọrin ṣẹ́gun, Olúewu sì bá ogun náà lọ. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ní gbangba ọ̀dàn, ta ni yóò dúró de ẹṣin Ìlọrin?

Ogun Òṣogbo

Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin sọ̀kalẹ̀ lọ dó ti Òṣogbo. Òṣogbo wà ní agbègbè tí ọ̀dàn ti ń fi àyè sílẹ̀ fún igbó. Ìlú náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì rán ìrànlọ́wọ́ títí ó fi di pé Balógun Odérìnlọ fúnra rẹ̀ kó ogun jáde.

Àwọn Ìbàdàn mọ ohun tí ẹṣin lè ṣe. Ẹlẹ́sẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, oníbọn sì pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n kò bá Ìlọrin wá ibi tí ẹṣin ti lè sáré lójú ọ̀sán. Òru ni wọ́n yàn. Nígbà tí wọ́n já wọ ibùdó, ẹṣin wà lórí ìso, ẹni tó ni ín sì ń wá ìjánu nínú òkùnkùn. Ẹṣin tí a kò tíì dì ní gàárì kò ṣeé fi jagun. Ìlọrin pàdánù ọ̀pọ̀ ẹṣin lọ́jọ́ náà, Balógun Àjíkòbi sì wà lára àwọn olóyè tí ọwọ́ tẹ̀. Láti ìgbà náà ni ogun Ìlọrin kò ti lè sọ̀kalẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bí ó ti ń gbèrò tẹ́lẹ̀.

Kí ni a rí kọ́? Ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kì í ṣe ojo, ẹṣin wọn kò sì di ohun ìjà búburú lóru ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n ṣe aláìní ní ibùdó náà ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tó tó láti dá ọ̀tá dúró fún ìwọ̀nba àkókò tí a fi ń di ẹṣin ní gàárì. Ẹ̀yà kan lágbára púpọ̀, kò sì sí èkejì tí yóò bo àṣírí rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a sọ pé ìbọn àti ẹlẹ́sẹ̀ ló wá dára jù. Fún gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé ogun Òṣogbo, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin lọ́pọ̀ ìgbà, bí irú ogun Jálumi ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878 lẹ́bàá Ìkìrun. Síbẹ̀, Ìbàdàn kò kó Ìlọrin rí. Bí igbó ti jẹ́ odi fún Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dàn jẹ́ odi fún Ìlọrin. Àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn kò kẹ́yìn sí ẹṣin: wọ́n ní Sàrùmí tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì ní àwọn Bádà tó ń fi owó ara wọn bọ́ ẹṣin ogun.

Nígbà tí ohun ìjà yí padà

Àdàlù tó dára lónìí lè di aláìpé lọ́la. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, Ìbàdàn tó ti ń fi ìbọn ṣakabùlà borí pàdé ìbọn tí a ń ki láti ìdí, èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá Èkìtì Parapọ̀ wá. Ogun náà kò tú pátápátá títí di ọdún 1893.

Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, ti Bídà wá sí Ìlọrin. Jagunjagun wọn kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Ẹlẹ́ṣin Ìlọrin já lù wọ́n ní gbangba ọ̀dàn, níbi tí baba wọn ti ṣẹ́gun Aláàfin. Ṣùgbọ́n ìbọn Maxim àti àgbá kò jẹ́ kí ẹṣin sún mọ́ wọn. Ilẹ̀ kò yí padà, akin kò tán, ọ̀tá nìkan ló yàtọ̀.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ lójú omi. Yamato tí àwọn ará Japan kàn wà lára ọkọ̀ ogun tó tóbi jù lọ tí ayé tíì rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, ó jáde láìsí bàlúù tí yóò bò ó lókè. Àwọn bàlúù tó gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà rì í kí àgbá ńlá rẹ̀ tó rí ọkọ̀ kankan dojú kọ.

Bí òǹkọ̀wé ṣe lè lo ẹ̀kọ́ yìí

D. O. Fágúnwà ti fi ọ̀nà hàn wá nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Àwọn tó bá Àkàrà-ògùn rin ìrìn-àjò Òkè Lángbòdó kò rí bákan náà. Kàkò ní kùmọ̀, tafàtafà wà láàárín wọn, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ní ohùn. Nítorí pé ẹ̀bùn wọn yàtọ̀, ìṣòro kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ní ẹni tí í kàn.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìlà kìíní nípa ogun, yálà ti Ìlọrin ni tàbí ti ọkọ̀ ojú sánmà, ó yẹ kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní, irú ibo ni a ó ti jà? Èkejì, kí ni ọ̀tá ní tí àwa kò ní? Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa pèsè oúnjẹ àti ohun ìjà, báwo ni ọ̀nà rẹ̀ sì ti jìn tó? Ẹ̀kẹrin, bí ẹ̀yà tó lágbára jù nínú wa bá wà lórí ìso, ta ni yóò dúró fún un?

Ẹni tó bá ń to ọkọ̀ ojú sánmà lè rí i báyìí pé ọkọ̀ tó yára ni ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ọkọ̀ kékeré tó ń ṣọ́ ọ̀nà ni amí rẹ̀, ọkọ̀ ńlá tó gbé àgbá ni oníbọn rẹ̀, ọkọ̀ ẹrù sì ni alárù àti olóúnjẹ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pa gbogbo owó ìlú pọ̀ sórí ọ̀kan. Iye tí yóò fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun tí a ń há sórí. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ọ̀nà ìṣòwò yóò nílò ọkọ̀ kéékèèké púpọ̀, ẹni tó fẹ́ dó ti ìlú olódi yóò nílò àgbá. Níbi tí àdàlù náà bá ti kù díẹ̀ káàtó gan-an ni ìtàn yóò ti dùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀tá ọlọ́gbọ́n yóò gbà wọlé.

Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ẹ̀yà ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. A fi ogun Ẹlẹ́duwẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹṣin Ìlọrin ti tàn, a sì fi ogun Òṣogbo hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn yọ sí i. Àlàyé báyìí ni ó yẹ kí olùkọ́ gbé síwájú àwọn ọmọ. Ọmọ Ìlọrin tó bá gbọ́ ọ kò ní tijú baba rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àkókò ló mú baba tirẹ̀ borí. Àwọn méjèèjì yóò sì lè jókòó pọ̀ kọ ìtàn ogun tí ẹni tó mọ ogun lè kà láìrẹ́rìn-ín.